Omi Flint: bí ìlú kan ṣe mu òjé nígbà tí ìwé ìjọba ń sọ pé omi mọ́

Páìpù òjé lè wà lábẹ́ ilẹ̀ fún ọgọ́rin ọdún láìtú òjé púpọ̀ sínú omi tó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ohun tó ń dáàbò bo omi náà ni èépá tín-ín-rín kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù, tí òjé fúnra rẹ̀ àti àwọn èròjà inú omi jọ para pọ̀ di. Bí èépá yìí bá wà ní pípé, òjé tó ń kan omi kò pọ̀. Bí wọ́n bá wá fi omi mìíràn tí ìwà rẹ̀ yàtọ̀ rọ́pò rẹ̀ lójijì, èépá náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, á máa ṣí ní wóróworó, òjé á sì máa bá omi lọ sínú ife ọmọdé. Àwọn onímọ̀ omi ti mọ èyí tipẹ́tipẹ́, ó sì ti wà nínú òfin Amẹ́ríkà láti 1991. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé jàǹbá lásán ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Flint, ní ìpínlẹ̀ Michigan, láti 2014 wọ 2015. Ìgbésẹ̀ tó yẹ kí wọ́n gbé ti wà nílẹ̀, iye èròjà tó yẹ kí wọ́n lò wà nílẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Àwọn tó ní agbára láti ṣe é kò ṣe é. Àwọn tó ń mu omi náà kò sì ní ìbò tí wọ́n lè fi lé wọn kúrò.

Ọ̀rọ̀ ìbò yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ tú, nítorí òun ló ṣáájú omi.

Flint ni wọ́n ti dá General Motors (GM), ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, sílẹ̀ ní 1908. Ibẹ̀ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ti jókòó sínú ilé iṣẹ́ láti òpin oṣù December 1936 di February 1937, ọjọ́ 44 gbáko, tí wọ́n kọ̀ láti jáde títí GM fi gbà láti bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UAW jókòó sọ̀rọ̀. Ìjà yẹn wà lára ohun tó sọ iṣẹ́ ilé iṣẹ́ di iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi kọ́lé, tó lè fi rán ọmọ nílé ìwé gíga ní Amẹ́ríkà. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń sá kúrò lábẹ́ ìyà ìhà gúúsù náà rọ́ wá síbẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1960, díẹ̀ ló kù kí iye ará ìlú pé 200,000. Ní òpin àwọn ọdún 1970, GM nìkan gba nǹkan bí 80,000 òṣìṣẹ́ ní agbègbè náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń ti ilé iṣẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn. Ní 2010 ará ìlú kò ju bí 102,000 lọ mọ́, ó lé ní ìdajì wọn tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí ẹni 4 nínú 10 ń gbé nínú òṣì ní ìdíwọ̀n ìjọba. Ẹ fi sọ́kàn pé àwọn páìpù abẹ́ títì tí wọ́n rì fún 200,000 ènìyàn ṣì wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe tóbi tó. Omi tí ìlú tó ti dín kù sí ìdajì ń lò ń rìn díẹ̀díẹ̀ nínú wọn, ó ń pẹ́ lọ́nà, oògùn tó ń pa kòkòrò inú rẹ̀ sì ń kú kí ó tó dé ilé. Ọ̀rọ̀ yìí máa padà wúlò.

Bí ènìyàn ṣe ń lọ ni owó orí ilé ń dín kù, tí gbèsè ìlú sì ń ga. Ní 2011, lábẹ́ Gómìnà Rick Snyder, Michigan ṣe òfin kan, Public Act 4, tó fún gómìnà lágbára láti rán alábòójútó pàjáwìrì sí ìlú tí owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Alábòójútó yìí lè fagi lé ìpinnu olórí ìlú àti ìgbìmọ̀ ìlú, ó lè ta dúkìá ìlú, ó lè tú àdéhùn òṣìṣẹ́ ká. Ní November 2012, àwọn ará ìpínlẹ̀ náà jáde dìbò, wọ́n sì pa òfin náà rẹ́. Ní December ọdún kan náà, ilé aṣòfin ṣe òmíràn tó jọ ọ́, Public Act 436, wọ́n sì fi owó ìnáwó díẹ̀ sínú rẹ̀. Owó tí wọ́n fi sí i yẹn ní ìtumọ̀: ìwé òfin Michigan kò gba ará ìlú láyè láti fi ìbò pa òfin tó ní ìnáwó nínú rẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe ti ilẹ̀kùn náà. Àwọn ìlú tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí ni òfin náà dé jù: Flint, Detroit, Pontiac, Benton Harbor. Ní àkókò kan, nǹkan bí ìdajì gbogbo aláwọ̀ dúdú Michigan ló ń gbé lábẹ́ alábòójútó tí wọn kò yàn.

Ní 1965, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá ti na àwọn aláwọ̀ dúdú lórí afárá Edmund Pettus ní Selma, Amẹ́ríkà ṣe òfin tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ wọn láti dìbò. Ní Flint lọ́dún 2014, wọ́n ṣì ń dìbò. Ẹni tí wọ́n dìbò yàn ni agbára ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló fa òjé inú omi Flint, òfin December 2012 ni màá kọ́kọ́ dárúkọ kí n tó dárúkọ odò.

Láti 1967 ni Flint ti ń ra omi lọ́wọ́ Detroit, omi Adágún Huron tí wọ́n ti tún ṣe tán. Owó rẹ̀ wọ́n. Ní 2013 ìlú náà pinnu láti dara pọ̀ mọ́ àjọ tuntun kan, Karegnondi Water Authority, tó ń rì páìpù tirẹ̀ láti adágún kan náà. Páìpù yẹn kò tíì parí. Detroit sì fún wọn ní ìwé pé àdéhùn àtijọ́ yóò tán ní April 2014. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dí àlàfo àárín méjèèjì ni pé kí wọ́n máa fa omi Odò Flint, kí wọ́n máa tún un ṣe nínú ilé iṣẹ́ omi ìlú, èyí tó ti pẹ́ tó jẹ́ pé ọjọ́ ìṣòro nìkan ni wọ́n fi í pamọ́ sí. Wọ́n ṣírò pé yóò dá nǹkan bí mílíọ̀nù 5 dọ́là sí àpò ìlú. Ní April 25, 2014, wọ́n pa ẹnu páìpù Detroit dé. Olórí ìlú àti àwọn òṣìṣẹ́ gbé ife omi sókè níwájú kámẹ́rà, wọ́n sì mu ún.

Omi odò kì í ṣe májèlé fúnra rẹ̀. Ibi tó ti yàtọ̀ sí omi adágún ni pé ìdọ̀tí ewé àti koríko inú rẹ̀ pọ̀ jù, ìwọ̀n gbígbóná àti tútù rẹ̀ ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà, iyọ̀ inú rẹ̀ sì ga. Ara iyọ̀ yẹn wá láti inú èyí tí wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Ilé iṣẹ́ omi tún fi kún un láìmọ̀: ferric chloride ni wọ́n ń lò láti kó ìdọ̀tí jọ kí ó lè rọ̀ sílẹ̀, chloride sì ni ẹ̀yà iyọ̀ tó ń jẹ irin. Àwọn onímọ̀ máa ń fi ìwọ̀n chloride wé ìwọ̀n sulfate láti mọ̀ bóyá omi yóò jẹ òjé. Bí ìpín náà bá ti ń kọjá 0.5, ó yẹ kí ènìyàn ṣọ́ra. Omi Detroit wà ní nǹkan bí 0.45. Omi odò tí Flint bẹ̀rẹ̀ sí í pín wà ní nǹkan bí 1.6.

Ohun tó yẹ kí wọ́n fi dí ihò yìí ni orthophosphate, èròjà tí Detroit ti ń fi sínú omi tirẹ̀ láti àwọn ọdún 1990, nǹkan bí mílígíráàmù kan nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń bá òjé di èépá tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀. Òfin 1991 sọ pé ìlú tó bá ń pín omi fún ènìyàn tó lé ní 50,000 gbọ́dọ̀ ní ètò tí ń dá jíjẹ páìpù dúró. Ẹ̀ka àyíká ìpínlẹ̀ Michigan sọ fún ilé iṣẹ́ omi Flint pé kí wọ́n kọ́kọ́ wọn omi náà fún oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀mejì ná, kí wọ́n tó pinnu bóyá wọ́n nílò ètò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́ tí omi odò wọ páìpù, orthophosphate tó wọlé pẹ̀lú rẹ̀ jẹ́ òdo. Owó tí àwọn onímọ̀ sọ pé ìbá ná wọn jẹ́ bí 100 dọ́là lójúmọ́.

Ohun tí ará ìlú kọ́kọ́ rí kì í ṣe òjé. Òjé kò ní àwọ̀ nínú omi, kò ní òórùn, kò ní adùn. Ohun tí wọ́n rí ni ìpata. Ọ̀pọ̀ páìpù ńlá abẹ́ títì jẹ́ irin, omi náà sì ń jẹ wọ́n, ó ń jáde láwọ̀ bí omi ẹrẹ̀, ó ń rùn, ara àwọn ènìyàn ń yún, ó ń sú. Láti ibẹ̀ ni ìṣòro kan ti ń bí òmíràn. Irin tó ń pata máa ń gba kilorínì inú omi, kilorínì sì ni oògùn tó ń pa kòkòrò. Nígbà tí kilorínì tán nínú páìpù tó ti tóbi ju ìlú lọ, kòkòrò dìde. Ní August àti September 2014 wọ́n kéde léraléra pé kí àwọn ènìyàn se omi kí wọ́n tó mu ún. Ilé iṣẹ́ omi wá da kilorínì púpọ̀ sí i. Kilorínì púpọ̀ bá ìdọ̀tí ewé inú omi odò pàdé, wọ́n di trihalomethane, èyí tí mímu rẹ̀ fún ọdún pípẹ́ lè fa jẹjẹrẹ, ó sì kọjá ìdá 80 nínú bílíọ̀nù kan tí òfin gbà láyè. Ní January 2015 wọ́n ní láti fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo ilé nípa rẹ̀. Ní oṣù yẹn kan náà, wọ́n gbé ẹ̀rọ omi inú ìgò wọ ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó wà ní Flint fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn.

Kòkòrò tó burú jù nínú wọn ni Legionella. Inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kilorínì rẹ̀ ti tán ló ti ń gbilẹ̀, ìkùukùu omi nínú ilé ìwẹ̀ àti lára àwọn ẹ̀rọ atútù ni ènìyàn fi ń fà á símú, ó sì ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Láti June 2014 di November 2015, nǹkan bí 90 ènìyàn ló kó o ní agbègbè Genesee tí Flint wà nínú rẹ̀, ó kéré tán 12 sì kú. January 2016 ni gómìnà tó sọ ọ́ ní gbangba.

Ní October 2014, ilé iṣẹ́ ẹ́ńjìnì GM ní Flint kíyè sí i pé omi náà ń jẹ irin ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n béèrè ààyè láti padà sí omi Adágún Huron nípasẹ̀ Flint Township tó múlé tì wọ́n, wọ́n sì gbà wọ́n láyè. Omi tí kò dára fún irin ni àwọn ìyá ṣì ń fi po wàrà fún ìkókó fún ọdún kan gbáko lẹ́yìn ìgbà náà. Mo ti ka ìtàn yìí ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà, mi ò sì tíì rí àlàyé tó lè mú ibí yìí rọrùn láti gbà. Ní January 2015, Detroit ní òun lè so wọ́n padà láìgba mílíọ̀nù 4 dọ́là owó ìsopọ̀. Alábòójútó kò gbà. Ní March, ìgbìmọ̀ ìlú dìbò, 7 sí 1, pé kí wọ́n padà sí Detroit. Alábòójútó kò gbà bákan náà, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀, nítorí òfin ló sọ pé tirẹ̀ ni àṣẹ.

Kí ló dé tí ìdíwọ̀n òjé kò fi pariwo? Ibí yìí ló yẹ kí a dúró sí díẹ̀, torí àṣìṣe inú rẹ̀ kò mọ sí Flint nìkan.

Bí òfin 1991 ṣe ní kí wọ́n wọn ọ́n nìyí. Ilé iṣẹ́ omi á yan àwọn ilé tó ní páìpù òjé. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣí ẹ̀rọ omi nínú ilé náà fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán. Wọ́n á wá bu lítà kan àkọ́kọ́ tó bá jáde. Wọ́n á to gbogbo èsì láti kékeré dé ńlá, èyí tó bá bọ́ sí ipò 90 nínú 100 ni wọ́n á mú. Bí ó bá ju máíkrógíráàmù 15 nínú lítà lọ, ìlú gbọ́dọ̀ gbé ìgbésẹ̀. Ẹ ó rí i pé ilé mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lè ní òjé tó pọ̀ dé ibikíbi, kí ìwé ìlú náà ṣì mọ́. Nọ́ńbà 15 yẹn kò sì túmọ̀ sí pé ara gbà á. Nǹkan tí ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ kọ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tó dára fún ìlera jẹ́ òdo.

Ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà mú nọ́ńbà náà wálẹ̀ pọ̀, kò sì sí èyí tó ṣòro. Bí wọ́n bá ní kí onílé ṣí ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú mélòó kan lálẹ́ kí ó tó bu omi láàárọ̀, òjé tó ti jókòó nínú páìpù á ti ṣàn lọ. Bí wọ́n bá ní kí ó tú asẹ́ kékeré ẹnu ẹ̀rọ, wóróworó òjé tó há síbẹ̀ kò ní wọ ìgò. Ìgò tí ẹnu rẹ̀ kéré máa ń jẹ́ kí ènìyàn ṣí ẹ̀rọ díẹ̀, omi tó rọra ń ṣàn kò sì ní agbára láti ṣí èépá. Ọ̀nà tó tóbi jù ni kí wọ́n yan ilé tí kò ní páìpù òjé. Ní Flint, wọ́n sọ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n ṣí omi lálẹ́. Àkọsílẹ̀ páìpù ìlú náà wà lórí nǹkan bí 45,000 káàdì kékeré àti àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ pé ó ní òjé kò ní in.

Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, nọ́ńbà náà ṣì fẹ́ gòkè. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọdún 2015, omi ilé 71 ni wọ́n kó jọ. Ìpínlẹ̀ ní kí wọ́n yọ méjì kúrò. Ọ̀kan nínú méjèèjì wá láti ilé LeeAnne Walters, èsì rẹ̀ sì jẹ́ 104. Pẹ̀lú méjèèjì, ìlú Flint kọjá 15. Láìsí wọn, ó di 11, wọ́n sì kọ ọ́ pé ó bófin mu.

Walters jẹ́ ìyá ọmọ mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé páìpù inú ilé rẹ̀ ló ń tú òjé, ó ní èsì kan tí ẹnikẹ́ni kò lè yí: páìpù inú ilé náà jẹ́ rọ́bà. Òjé kò lè ti inú rọ́bà jáde, títì ló ti ń bọ̀. Ó jókòó ti ìwé ilé iṣẹ́ omi, ó kà á, ó sì rí i pé kò sí orúkọ èròjà tó ń dáàbò bo páìpù nínú ohun tí wọ́n ń dà sínú omi. Ó pe Miguel Del Toral ní àjọ àyíká ìjọba àpapọ̀, EPA. Del Toral wá wò ó, ó sì kọ ìwé ní June 2015 láti kìlọ̀ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí Marc Edwards ti yunifásítì Virginia Tech wọn ìgò 30 láti ilé náà, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ 13,200. Omi tó bá ti dé 5,000, ìdọ̀tí eléwu ni ó jẹ́ lójú òfin Amẹ́ríkà.

Lẹ́yìn èyí ni ohun tí mo kà sí ìyípadà gidi nínú ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ní August 2015, Virginia Tech fi àpótí ìdíwọ̀n 300 ránṣẹ́. Ìgò mẹ́ta ló wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Lítà kan fún omi àkọ́kọ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, èyí tó ń sọ ohun tó wà nínú páìpù ilé. Mìlílítà 500 lẹ́yìn tí omi bá ti ṣàn fún ìṣẹ́jú-àáyá 45, èyí tó ń kó omi tó ti jókòó nínú páìpù láàárín ilé àti títì. Mìlílítà 125 lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, èyí tó ń fi bí omi abẹ́ títì ṣe rí hàn. Àwọn ará ìlú ni wọ́n pín àpótí náà láti ilé dé ilé, wọ́n kọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe ń bu ú, wọ́n sì kó èyí tó lé ní 250 padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nígbà tí ìlú pẹ̀lú owó àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ kó 71 ní oṣù mẹ́fà. Ipò 90 wọn kọjá 25. Àwọn tí òfin ti gba agbára ìbò lọ́wọ́ wọn fi ọwọ́ ara wọn kọ nọ́ńbà tí ìjọba kò fẹ́ kọ.

Ní September 24, Dókítà Mona Hanna-Attisha ti ilé ìwòsàn Hurley gbé ẹ̀rí tirẹ̀ jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Nínú ìwé ìwádìí tó tẹ̀ jáde lẹ́yìn náà, àwọn tí òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti dé máíkrógíráàmù 5 nínú dẹsílítà ti kúrò ní 2.4% sí 4.9%. Ní àwọn àdúgbò tí omi wọn burú jù, ó kúrò ní 4% sí 10.6%. Ìpínlẹ̀ kọ́kọ́ ní irọ́ ni. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n tún nọ́ńbà tiwọn yẹ̀ wò, wọ́n sì rí ohun tó rí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nọ́ńbà Hanna-Attisha pàápàá kéré sí òtítọ́. Òjé kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, nǹkan bí oṣù kan ni ìdajì rẹ̀ ń gbà kí ó tó kúrò, ó sì ń wọ egungun lọ. Ọmọ ọdún kan àti ọdún méjì ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò. Ìkókó tó ń mu wàrà tí wọ́n fi omi ẹ̀rọ pò, tí omi tó ń wọ ara rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ nínú ilé, kò sí nínú ìṣirò náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́mọ nílẹ̀ òkèèrè, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ síbí. Òjé tí a ń sọ yìí wà nínú tìróò. Ní 2012, àjọ ìlera CDC ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé jáde nípa ìkókó ọmọ oṣù mẹ́fà kan ní Boston, tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tìróò tí wọ́n ń lé fún un ni wọ́n wọn, òjé inú rẹ̀ sì jẹ́ 82.6%. Ọmọdé á fọwọ́ ra ojú, á sì fi ọwọ́ náà sẹ́nu. Bí dókítà bá rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín, ẹ dárúkọ tìróò kí ó tó béèrè, torí òun lè má mọ̀ ọ́n.

Ní October 16, 2015, Flint padà sí omi Detroit. Ìyẹn kò wo páìpù sàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èépá tó ti ṣí ní láti tún hù, wọ́n sì fi orthophosphate kún omi náà títí ó fi lé ní mílígíráàmù mẹ́ta nínú lítà. Ṣùgbọ́n omi gbọ́dọ̀ máa ṣàn kí èròjà náà tó lè dé ara páìpù, àwọn ènìyàn kò sì fẹ́ ṣí ẹ̀rọ mọ́. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, owó omi wọn sì wà lára èyí tó ga jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Omi inú ìgò ni wọ́n fi ń se oúnjẹ, òun ni wọ́n fi ń wẹ ọmọ. Ní January 2016, Ààrẹ Obama kéde pàjáwìrì.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ di ti gbígbẹ́ ilẹ̀. Ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn kan ní March 2017 pé kí wọ́n yọ páìpù òjé àti ti irin tí wọ́n fi síńkì bò. Ti irin yìí wà níbẹ̀ nítorí pé ìpata inú rẹ̀ máa ń fa òjé tó wá láti òkè mọ́ra, á sì máa tú u sílẹ̀ fún ọdún pípẹ́ lẹ́yìn tí òjé òkè ti lọ. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Michigan kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ọjọ́ orí ilé, iye rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀ sọ ibi tó ṣeé ṣe kí páìpù òjé wà. Ní 2016 àti 2017, nǹkan bí 7 nínú ihò 10 tí wọ́n gbẹ́ ni wọ́n ti rí páìpù tí wọ́n ń wá. Ní 2018, ilé iṣẹ́ tuntun gba iṣẹ́ náà, wọ́n pa ètò náà tì, wọ́n sì ń gbẹ́ káàkiri láti ilé dé ilé kí àdúgbò kan má bàa sọ pé wọ́n fi òun sílẹ̀. Ihò 10,531 ni wọ́n gbẹ́ lọ́dún yẹn, 1,567 péré ló ní òjé nínú. Mo lóye ìdí rẹ̀. Ìlú tí wọ́n ti purọ́ fún kò lè gba kọ̀ǹpútà gbọ́ pé ilé òun mọ́. Àmọ́ ọdún kan gbáko ni àwọn tó ní òjé gidi fi dúró sí i. July 2025 ni ìpínlẹ̀ tó sọ fún ilé ẹjọ́ pé iṣẹ́ náà parí, nǹkan bí páìpù 11,000.

Ti ẹjọ́, owó gbà-máà-bínú fún àwọn ará ìlú dé 626 mílíọ̀nù dọ́là, nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó wà lọ́mọdé nígbà náà. Ní January 2021 wọ́n fi ẹ̀sùn kan ẹni mẹ́sàn-án, títí kan gómìnà tẹ́lẹ̀. Ní 2022 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Michigan ní ọ̀nà tí wọ́n gbà fi ẹ̀sùn náà kàn wọ́n kò bófin mu, gbogbo ẹ̀sùn náà sì túká. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n.

Òfin òjé ti yí padà nítorí Flint. Òfin tuntun ní Amẹ́ríkà sọ pé, láti November 2027, kí wọ́n máa bu lítà karùn-ún ní ilé tó ní páìpù òjé, kì í ṣe àkọ́kọ́ nìkan, nítorí lítà karùn-ún ló máa ń jẹ́ omi tó sùn nínú páìpù abẹ́ ilẹ̀. Òfin yìí, tí wọ́n ṣe ní October 2024, mú 15 wálẹ̀ sí 10, ó sì fún ọ̀pọ̀ ìlú ní ọdún mẹ́wàá, bẹ̀rẹ̀ láti 2027, láti yọ gbogbo páìpù òjé wọn. EPA ṣírò nígbà náà pé ó lè tó mílíọ̀nù 9 jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Chicago, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ní nǹkan bí 400,000 nínú wọn, nítorí òfin ìlú náà ló fi dandan lé páìpù òjé títí di 1986.

Bí ẹ bá ń gbé nínú ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún yẹn, ẹ lọ sí ibi tí páìpù ti wọnú ilé láti abẹ́ ilẹ̀, nítòsí mítà omi. Ẹ fi owó ẹyọ họ ọ́. Bí ó bá rọ̀, tí ibi tí ẹ họ dán bíi fàdákà, tí mágínẹ́ẹ̀tì kò sì lẹ̀ mọ́ ọn, òjé ni. Bí ó bá pọ́n, bàbà ni. Bí mágínẹ́ẹ̀tì bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Sísè kò lè mú òjé kúrò nínú omi, ńṣe ló ń jẹ́ kí ó ki sí i bí omi ṣe ń gbẹ. Omi gbígbóná láti ẹnu ẹ̀rọ máa ń kó òjé ju omi tútù lọ, ẹ má fi po wàrà ọmọ. Asẹ́ tí wọ́n kọ NSF/ANSI 53 fún òjé sí lára ni kí ẹ rà, kí ẹ sì máa pààrọ̀ inú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ omi bá ní àwọn fẹ́ yọ apá tó jẹ́ ti ìlú nìkan, kí apá tiyín dúró, ẹ má gbà. Gígé rẹ̀ máa ń mi èépá, ibi tí bàbà tuntun bá sì ti kan òjé àtijọ́ ni òjé náà yóò ti máa jẹ. Láti October 16, 2024, gbogbo ilé iṣẹ́ omi ló gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ irú páìpù tó wọ ilé kọ̀ọ̀kan, kí ará ìlú sì lè rí i. Ẹ wá àdírẹ́sì yín nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ pé àwọn kò mọ̀, ẹ ya fọ́tò ibi tí ẹ họ, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.